Ọjọ́ Tí Ìyá Haneefah Gbà Láti Bo Ẹrù

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn Adéníji Adélé wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ẹ béèrè ilé ìyá tó ń di ẹrù ìyàwó, ẹni tí ẹ bi ò ní jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀ kó tó nawọ́ sí i fún yín. Ìyá Haneefah ni. Ganiat ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi orúkọ yẹn pè é ò pọ̀ mọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, opó ni, ó sì ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń jókòó sí fàráńdà iwájú agboolé ọkọ rẹ̀, ríbọ́ọ̀nù lọ́rùn, àlùmọ́gàjí lórí itan, sẹ́lótéèpù lọ́rùn ọwọ́.

Ẹ gbé ogójì iṣu fún un láàárọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà, iṣu á ti tò bí àkàbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ti wé ríbọ́ọ̀nù mọ́rùn, ẹ̀yin tí ẹ ra iṣu náà gan-an lẹ máa béèrè pé ṣé tiyín nìyí. Kùránì, ṣúgà, oyin, aṣọ, bàtà, kò sí èyí tí kì í níyì tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan ló ní, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e: ẹrù gbọ́dọ̀ hàn. Náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara nìkan ló ń lò, kí àna lè rí ohun tó wà nínú agbọ̀n láti ẹnu ọ̀nà. Bí oníbàárà bá ní kó fi bébà aláwọ̀ bo nǹkan, á wò ó tòkè-tilẹ̀, á ní, “Kí lẹ fẹ́ fi pamọ́? Ṣé yanrìn lẹ kó síbẹ̀ ni?”

Ó nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹrù tirẹ̀ wá sílé bàbá rẹ̀, agbọ̀n kan wà tí wọ́n fi aṣọ bò. Àwọn ìyá ilé ní kí wọ́n ṣí i. Nígbà tí wọ́n ṣí i, iṣu márùn-ún péré ló wà lókè, páálí òfìfo ló kún ìsàlẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń gbọ́ ọ títí dòní. Ó fẹ́ ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀ títí Ọlọ́run fi gbà á, ṣùgbọ́n kò dárí ji aṣọ yẹn.

Ẹ sì mọ bí Èkó ṣe rí. Àwọn ọmọdébìnrin tó ń ya fọ́tò iṣẹ́ wọn sórí fóònù ti kó oníbàárà lọ. Wọ́n ń jókòó sínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ń di iṣu mẹ́rin, gbogbo ayé ń pariwo. Ọwọ́ Ìyá Haneefah wá dilẹ̀. Ìgbà tí oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá wọlé, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò gbé ẹrù wá. Ni Alhaji Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí, bá ránṣẹ́ pè é.

“Ìyá Haneefah, mi ò bá ẹ jà o,” ni Alhaji wí. “Àmọ́ fàráńdà yẹn, ti ẹbí ni. Ubaydullah ọmọ mi ní òun fẹ́ máa ṣe POS níbẹ̀. Bí mo bá rí i pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ kí oṣù yìí tó parí, kò sẹ́ni tó máa yọ ẹ́ lẹ́nu. Bí mi ò bá rí i, Ubaydullah á gbé tábìlì rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ọdún.”

“Mo ti gbọ́, Alhaji. Ẹ ṣeun,” ni Ìyá Haneefah dáhùn, ó sì jáde. Ẹ gbà mí! Níbo ni kó gbé e gbà? Yàrá tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń sùn ò gba ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ, ká má tíì sọ ti agbọ̀n iṣu. Bí fàráńdà bá bọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí Kérésìmesì pé ni ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé, ìyá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀. Mama Dúróṣinmí ni, láti Ìkòyí, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sọ́ńdè sùkúù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lápá CMS. Búùtù ẹ̀yìn ọkọ̀ kún fún ẹ̀bùn mẹ́rìnlélógún. Ó ti so orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ tirẹ̀.

“Ẹ bá mi di ìwọ̀nyí fún Kérésìmesì, Ìyá Haneefah. Kí wọ́n lẹ́wà o! Mo ti gbọ́ ìròyìn ọwọ́ yín.”

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ẹ̀bi ta wá ni? Ẹni tí wọ́n bí sínú Kérésìmesì ò lè rò ó láéláé pé ó yẹ kí òun la ẹnu sọ pé bíbò ni wọ́n ń bo ẹ̀bùn. Ìyá Haneefah náà, kí ló mọ̀ nípa rẹ̀? Hámpà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń pín lọ́dọọdún, inú náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara ló ń rí i. Ó ti rí páálí aláràbarà tí wọ́n tò sínú ṣọ́ọ̀bù ní Balógun, ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀kan yẹ̀ wò lọ́jọ́ kan, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e padà. Ẹ̀tàn lásán-làsàn ló pè é.

Ó wá dojú kọ iṣẹ́ náà bí ẹni pé ọmọ ọba ló fẹ́ gbé ìyàwó. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi dì wọ́n. Ó gbé bèbí kan jókòó bí ìyàwó sórí ìtẹ́ tí ó fi páálí ṣe. Ó fi ríbọ́ọ̀nù pupa àti ti wúrà yí bọ́ọ̀lù ká. Máàtì sẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé méjì, ó tẹ́ ẹ sórí òwú funfun, rúlà ń dán gbinrin nínú náílọ́ọ̀nù. Nígbà tó tò wọ́n sórí àtẹ̀gùn fàráńdà, gbogbo agboolé jáde wá wò ó. Àwọn tó ń kọjá lọ ń ya fọ́tò. Alhaji Jímọ̀ pàápàá dúró, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, inú Ìyá Haneefah sì dùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní ó tán, fàráńdà ti di tòun.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹtàlélógún, àwọn ọmọ mẹ́ta kan tí wọ́n rán ní búrẹ́dì ń kọjá lọ. Ọ̀kan nínú wọn ka orúkọ.

“Oyindà! Tìẹ rèé! Tèmi nìyí, bọ́ọ̀lù ni, bọ́ọ̀lù ni!”

Ọmọ Sọ́ńdè sùkúù Mama Dúróṣinmí làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oyindà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, sún mọ́ ọn. Ó rí orúkọ ara rẹ̀ lára máàtì sẹ́ẹ̀tì. Ó wo bèbí onírun gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára ìyẹn. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sétí gọ́tà, ó gbé búrẹ́dì lé itan, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ìyá Haneefah sáré bọ́ sílẹ̀. “Kí ló dé, ọkọ mi? Ta ló nà ẹ́? Wò ó bó ṣe lẹ́wà tó, èmi ni mo dì í!” Bó ṣe ń ṣìpẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹkún ọmọ ń pọ̀ sí i. Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí ọkọ̀ Mama Dúróṣinmí fi dé. Ìyá àgbà náà wo àtẹ̀gùn, ó wo Oyindà, ó káwọ́ lérí.

“Ìyá Haneefah! Ta ló ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i?”

“Ẹ ní kí wọ́n lẹ́wà, Mà. Ṣé wọn ò lẹ́wà ni?”

“Wọ́n lẹ́wà. Wọ́n tiẹ̀ lẹ́wà jù. Àmọ́ ẹ̀bùn Kérésìmesì ni! Bíbò ni wọ́n ń bò ó. Kí wọ́n tó tú u gan-an ni adùn rẹ̀: wọ́n á máa mì í, wọ́n á máa gbé e sétí, wọ́n á máa méfò ohun tó wà nínú rẹ̀.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí Oyindà. “Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹni tó fún wa ní nǹkan wọ̀nyí. Ti ẹlòmíì pọ̀, ti ẹlòmíì kéré. Bí a bá bò ó, nígbà tó bá wà lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn dọ́gba. Ọ̀la la máa pín in, aago méjì ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí n kó o, kí n wá ẹlòmíì sí i ní Ìkòyí.”

Ìyá Haneefah gbójú sókè, ta ló máa rí? Alhaji Jímọ̀, tí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bútà àlùwàlá lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ọkọ̀ yìí bá kó ẹrù yìí lọ lójú Alhaji, ó parí, kí Ubaydullah máa gbé tábìlì bọ̀.

Ó kúnlẹ̀. “Mo bẹ̀ yín, Mà. Ẹ fún mi láàyè di aago mẹ́wàá ọ̀la.”

“Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bò ó?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mo mọ nǹkan dì.”

Mama Dúróṣinmí wò ó títí. Ó já gbogbo orúkọ kúrò lára ẹrù, ó kó wọn sínú báàgì rẹ̀. “Ó dáa. Ọ̀tun ni màá kọ, kò sẹ́ni tó máa mọ tara rẹ̀. Aago mẹ́wàá o!” Ó fa Oyindà dìde, ó gbé e sínú ọkọ̀, ó lọ.

Haneefah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gba Balógun lọ pẹ̀lú eré láti ra bébà. Nígbà tó fi máa padà, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èrò ti kó bébà Kérésìmesì tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èyí tó ṣẹ́kù nìkan ló rí, “Happy Birthday” ló wà lára gbogbo rẹ̀.

“Bọ́ọ̀dè ta la fẹ́ ṣe?” ni ìyá rẹ̀ fi bínú.

“Màmá, ṣebí ọjọ́ ìbí Ànábì Ísà ni wọ́n ń ṣe?”

Inú ń bí Ìyá Haneefah, síbẹ̀ ẹ̀rín pa á. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn láàárín ẹ̀bùn mẹ́rìnlélógún, ó ronú. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó kọjá sí yàrá Mùtíátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ránṣọ nínú agboolé náà.

“Mùtíátù, kó àgékù aṣọ rẹ wá.”

“Èyí tí mo fẹ́ dà nù?”

“Má da nǹkan kan nù. Kó o wá, kí ìwọ fúnra rẹ sì tẹ̀lé mi.”

Àpò méjì ni. Ànkárá, léèsì, gèlè líle tí aránṣọ ti gé etí rẹ̀, oríṣiríṣi ni. Ìyá Haneefah tú u dà sílẹ̀, ó gbé ìwé ìtàn kan, ó fi ànkárá pọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ, ó fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ gbà á láyà, ó ta á ní kókó níwájú. Mùtíátù pàtẹ́wọ́. Láti ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Bèbí onírun, inú ẹní kékeré ló ká a sí, ó fi ìko dè é lórí àti ní ìdí. Ó ránṣẹ́ ra ewé mọ́ínmọ́ín, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó pọ́n bísíkítì àti súìtì sínú rẹ̀ bí ẹ̀kọ, òwú pupa ló fi so ó. Bọ́ọ̀lù dá a láàmú. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ bo bọ́ọ̀lù tí kò ní máa jẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó gbé e sínú páálí mílíìkì, ó fi ìwé ìròyìn rún gbogbo igun, ó di onígun mẹ́rin. “Kó máa wá yí, kí n rí i,” ló wí.

Haneefah ní tirẹ̀ wá àpò sìmẹ́ǹtì tó mọ́, ó yí inú rẹ̀ síta. Ó gé ilá kan sí méjì, ó tì í bọ ọ̀dà pupa, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà náà. Ìràwọ̀ ló ń yọ, ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀. Ìyá rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró láti wò ó.

“Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?”

“Ilá tí ẹ ní kí n gé fún ọbẹ̀ ni, Màmá.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mùtíátù ń rán bọ́tìnnì mọ́ etí aṣọ, wọ́n ń so òwú jọ ní ìdì-ìdì sórí kókó. Ìyá Haneefah wá ń ṣe nǹkan kan tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sọ fún un láàárọ̀ pé á ṣe é, á bú wọn. Ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀, ó ń dì wọ́n sínú bébà, ó ń kó wọn sínú páálí kí ó lè máa dún. Ó da ẹ̀wà sínú agolo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ńsùlù aláwọ̀. Máàtì sẹ́ẹ̀tì tó pa Oyindà lẹ́kún, ìyẹn ló ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ jù: ó gbé e sínú ike ọ̀dà tó tóbi, ó fi àgékù aṣọ kún un, ó sì wé gèlè wúrà lé e lórí, ìṣẹ́po lé ìṣẹ́po, ó rí ràgàdà.

Ibi tó ti ń wé gèlè náà ni ọ̀rọ̀ Mama Dúróṣinmí padà sọ́kàn rẹ̀. Bí a bá bò ó, gbogbo wọn dọ́gba. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bo agbọ̀n ọjọ́ náà. Obìnrin yẹn ò ní, kò sì fẹ́ kí ọmọ òun tẹ́ láàárín àwọn àna. Kì í ṣe pé ó fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó wá nǹkan bo ọmọ rẹ̀ lásìírí ni, ó sì bo ìyàwó náà mọ́ ọn, àwọn tó ṣí i ló ṣe ibi. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni Ganiat ti fi bínú sí òkú ọ̀run. Ó fi etí ìró nu ojú.

“Kí ló ṣe ẹ́?” ni Mùtíátù bi í.

“Mo ṣẹ ìyá ọkọ mi,” ló dáhùn. Ó ní kí Ọlọ́run foríji ìyá náà, kó sì foríji òun, ó wá bá iṣẹ́ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ku mẹ́rin péré. Wọ́n parí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí Mama Dúróṣinmí dé. Ó dúró níwájú àtẹ̀gùn, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaji Jímọ̀ ń ka ìwé ìròyìn nítòsí, ṣùgbọ́n kò ṣí ojú ìwé kan láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

“Èwo ni bọ́ọ̀lù?” ni ìyá àgbà náà béèrè nígbẹ̀yìn.

“Ẹ má bínú, Mà. Mi ò lè sọ fún yín.”

Mama Dúróṣinmí bú sẹ́rìn-ín, ó gbá a mọ́ra, ó ní kó gbéra, kó tẹ̀ lé òun. Bí Ìyá Haneefah ṣe tún híjáàbù rẹ̀ ṣe tó bá a wọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, tí ó lọ jókòó sẹ́yìn. Iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku ọmọdé. Ọmọdé ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ fúnni pé nǹkan dára.

Wọ́n pe orúkọ, wọ́n pín in. Háà! Ariwo! Ọmọ kan gbé páálí sétí, ó ní fóònù ni. Òmíràn ń gbóòórùn ewé, ó ní ẹ̀kọ ni wọ́n fún òun, ó fẹ́ sunkún, ó tú u, súìtì dà sílẹ̀. Oyindà gba páálí onígun mẹ́rin, ó ń mì í, kò dún, ó ń mì í sí i. Èyí tí gbogbo wọn ń jowú ni ike onígèlè. Ayọ̀mídé, ọmọkùnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, ló kàn, ọmọ mẹ́rin ló sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn pààrọ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó tú u, àgékù aṣọ ń jáde, òmíràn ń jáde, àwọn yòókù ń kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ wá kan máàtì sẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀.

Ìyá Haneefah di ìjókòó iwájú rẹ̀ mú. Ọmọ náà wo máàtì sẹ́ẹ̀tì. Ó gbé e sókè bí ẹni tó pa ẹja ńlá. “Mo rí i!” ló pariwo, ó dé gèlè mọ́rí, ó ń sáré ká gbọ̀ngàn. Oyindà ní tirẹ̀ ti tú páálí, ó rí bọ́ọ̀lù, ó ń pariwo pé kí wọ́n jáde wá gbá a. Ìyá Haneefah mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni kankan tó ń sunkún.

Àwọn òbí tó wà níbẹ̀ ń bi ara wọn pé ta ló dì í. Mama Dúróṣinmí ń nawọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ń béèrè ọ̀nà, ó ń ṣàlàyé fún wọn, ó ń ní ẹ̀yìn Adéníji Adélé, ẹ béèrè Ìyá Haneefah.

Ìyá Haneefah ò dúró de ọkọ̀. Láti CMS ló ti fẹsẹ̀ rìn wálé, ìdùnnú ń gbé e, ó sì yà sí mọ́ṣáláṣí kan lọ́nà, ó kírun Alásárì. Ìgbà tó fi máa dé, àwọn ìyá méjì tó ti rí ní gbọ̀ngàn ti gun kẹ̀kẹ́ ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì fàráńdà, ẹrù wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹnì kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Alhaji Jímọ̀ ni, ó gbé bàtà tuntun kan dání nínú ọ̀rá.

Ìyá Haneefah kúnlẹ̀ kí i. “Alhaji, ṣé kò sí wàhálà?”

“Kò sí. Ti Samuel ni bàtà yìí, ọ̀rẹ́ mi ti Ọbáléńdé. Láti ọjọ́ tí mo ti fún un lẹ́ran Iléyá ló ti ń bi mí pé kí ni mo máa fún òun ní Kérésìmesì. Bò ó fún mi. Bò ó débi tí kò ní mọ̀.”

Ó fẹ́ béèrè, ẹ̀rù ń bà á, ó béèrè náà ni. “Ubaydullah ńkọ́, Alhaji?”

“Ubaydullah wo?” ni Alhaji fi kanra. “Mo ti ní kó wá ibòmíì. Ibo ló fẹ́ gbé tábìlì sí níbí? Ṣé orí àwọn èèyàn yìí ni?”

Ìyá Haneefah jókòó sáyè rẹ̀, ó fi ríbọ́ọ̀nù kọ́rùn, ó mú àlùmọ́gàjí. Alhaji na bàtà sí i.

“Alhaji, ẹ má bínú o,” ló wí. “Àwọn ìyá méjì yìí ló ṣáájú yín.”

Alhaji Jímọ̀, tí gbogbo agboolé máa ń dìde fún, sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé bàtà lé itan, ó ń dúró de ìgbà tó máa kàn án.